Ẹ sanwó àyẹ̀wò kí ẹ tó sanwó sítátà

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, èrò tèmi rèé, ẹ bá mi jiyàn tó bá wù yín: kì í ṣe gbogbo sítátà ọ̀kadà tí wọ́n bá ní "ó ti kú" ní Alimosho yìí ló kú lóòótọ́. Àwa oníbàárà sì wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ jókòó, mo fẹ́ ṣàlàyé.

2/ Bàbá mi ní Honda CB200 kan nílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Máṣíìnì àwọn ọdún 1970 ni. Sìlíńdà méjì, ó ní bọ́tìnnì sítátà, ó tún ní kíìkì. Ẹ má rò pé bọ́tìnnì yẹn fáàrí ni o. Orúnkún ń dun bàbá mi, kíìkì tó bá gbáni padà sì lè ṣe èèyàn léṣe. Tí sítátà ò bá ti ṣiṣẹ́, máṣíìnì yẹn ti di ẹrù ilé nìyẹn.

3/ Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó ní: "Sítátà ti kú, ẹ lọ ra tòkúnbọ̀." Kò mú tẹ́sítà jáde rárá. Ẹnì kejì, rẹ́wáyà àgbà kan ní Ìkòtún, fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Wáyà áàtì ló ti dípẹtà lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Wọ́n fi sáńpépà ha á, wọ́n dè é padà, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Sítátà ọjọ́sí náà ló ṣì wà níbẹ̀ dòní.

4/ Mass Comm ni mo kà, mi ò ka ẹ́njíníà, àmọ́ àyẹ̀wò yìí ò le. Etí lẹ ó kọ́kọ́ lò:

– Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò dún rárá: ẹ wo fíúùsì, bọ́tìnnì àti wáyà tó ti ibẹ̀ lọ.
– Ó ń dún "ta-ta-ta-ta": ó ṣeé ṣe kí bátìrì ti rẹ̀, tàbí kí ẹnu wáyà ti dípẹtà.
– Ó dún "ká!" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́: rilé gbọ́ràn, àmọ́ iná ò kọjá. Ó lè jẹ́ inú rilé, wáyà tó nípọn, tàbí búrọ́ọ̀ṣì inú sítátà.
– Sítátà ń yí "fíììì", ẹ́ńjìnnì ò yí: ẹ wo klọ́ọ̀ṣì sítátà. Iná kọ́ lẹ̀ ń bá jà níbẹ̀.

5/ Ó kan mítà. Bátìrì 12V tó yó dáadáa máa ń wà ní bíi 12.6. Tí ẹ bá tẹ sítátà tó já sí 8 tàbí 7, ẹ chájì bátìrì kẹ́ ẹ tún dán an wò kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí negative bátìrì, ẹ fi èkejì sí ara ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ sítátà. Ó yẹ kó súnmọ́ òdo. Tó bá fi 1V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, iná ò rí ọ̀nà padà sílé. Bí wọ́n ṣe mú tiwa nìyẹn.

6/ Rẹ́wáyà tún lè fi wáyà tó nípọn so orí méjèèjì rilé pọ̀. Tí sítátà bá yí dáadáa, ara rẹ̀ le, rilé tàbí wáyà bọ́tìnnì ló ń ṣàìsàn. Gíà gbọ́dọ̀ wà ní neutral o, kí bẹntiróò má sì sí nítòsí, torí iná á ṣẹ́ pàrà. Ẹ má dán ìyẹn wò fún fídíò. Tó bá sì jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ló jẹ tán, búrọ́ọ̀ṣì nìkan ṣeé pààrọ̀.

7/ Kí ló wá dé tí wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò? Torí pé a máa ń sanwó páàtì, a kì í sanwó ọpọlọ. Ẹni tó lo wákàtí kan láti rí nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, a ó sọ fún un pé "ṣebí ẹ kàn ha irin ni?" Ẹni tó sọ pé ká ra sítátà, a sanwó iṣẹ́ fún un láìjiyàn. Ta ló máa wá yan mítà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe content, ẹ mọ ìrora yìí. "Ṣebí fóònù lásán lo fi yà á?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

8/ Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní "owó dà?" Àìsówó gan-an ló fà á tí mo fi ń pariwo. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní June 2022, tí wọ́n tún fi 4 kún un ní September, Alimosho ò sí níbẹ̀. Ọ̀kadà ṣì ń bọ́ ilé níbí. Ẹni tó ra páàtì tí kò nílò ti pàdánù owó páàtì, ó tún pàdánù owó delivery ọjọ́ náà.

Ti máṣíìnì àtijọ́ tún burú jù. Tòkúnbọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà yẹn, ẹgbẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yọ ni. Ẹ ò sì mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí.

9/ Nítorí náà, ẹ kọ́ gbólóhùn méjì yìí: "Ẹ̀gbọ́n, èló lowó àyẹ̀wò?" àti "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí lórí mítà." Ẹ fọ̀wọ̀ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì san owó yẹn láìwúgbó. Abèèrè kì í ṣìnà.

10/ Tí rẹ́wáyà kan bá wà ní Ìgandò, Ìdímù tàbí Ìkòtún tó máa ń yẹ nǹkan wò kó tó sọ̀rọ̀, ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sísàlẹ̀. Irú wọn ló yẹ ká máa gbé owó wa lọ bá.