Ọjọ́ Orí Àgbo Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Ìgbàgbọ́ kan wọ́pọ̀ ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, àti jákèjádò Ìgbómìnà: pé àgbo tí àwọn baba ńlá wa ti ń mu kò nílò àyẹ̀wò onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan; bó bá ń pani ni, wọn ìbá ti pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí àgbo wò sàn ló wà láyé tó ń ròyìn. Ẹni tí àgbo pa kò lè jẹ́rìí, àwa náà á sì ní ọlọ́jọ́ ló dé. Ẹ wo àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀: a gbéni ṣánlẹ̀ lónìí, a fini sílẹ̀ lọ́la. Ewé yòówù tí aláìsàn bá mu nígbà tí ìrora fẹ́ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò gba ògo.

Ìdí nìyí tí olùṣèwádìí fi ń ṣe àfiwé. Egbòogi kan wà tí Àlùfáà Ogunyale mú wá: iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ni. Àjọ ìwádìí oògùn NIPRD ní Àbújá, níbi tí Charles Wambebe ti jẹ́ ọ̀gá nígbà náà, dán an wò lára ènìyàn 82. Wọ́n fún àwọn kan ní egbòogi náà, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Dókítà àti aláìsàn kò mọ èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé ìrora líle dínkù, ṣùgbọ́n egbòogi náà kò mú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pọ̀ sí i. Gbólóhùn kejì yìí gan-an ni ojúṣe olùṣèwádìí. Ta ni ẹ ti gbọ́ tó ń polówó àgbo tó sọ ohun tí àgbo rẹ̀ kò lè ṣe?

Àgbo ìtọ̀ màlúù táwọn ìyá ń fún ọmọ tí gìrì mú ńkọ́? Òun náà ti wà láti ayé baba ńlá wa. Àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn rí i pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dín mímí kù. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà tó wálẹ̀ jù fúnra rẹ̀ a máa fa gìrì.

Àwọn alátakò á ní: egbòogi Ogunyale dà? Òótọ́ ni. NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2006, wọ́n pè é ní Nicosan, ilé iṣẹ́ Xechem tó ń ṣe é sì wọ gbèsè ní 2008. Ìṣòro owó nìyẹn; kò ba àyẹ̀wò jẹ́. Wọ́n á tún ní àwọn aláyẹ̀wò ń jí ìmọ̀ wa. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣeé fi ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n àdéhùn ló ń dáàbò bo ìmọ̀. Ìmọ̀ tí a fi pa mọ́ a máa bá ẹni tó ni ín wọ sàréè. Yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa. Láti 1971 ni àwọn olùṣèwádìí Sofowora àti Isaacs ti kọ ohun tí gbòǹgbò orin ata ṣe sí ẹ̀jẹ̀ fọ̀níkú-fọ̀ladìde jáde. Ẹ̀yin oníṣègùn wa, ẹ mú ewé yín lọ síbẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé àdéhùn kí ẹ tó dárúkọ ewé kan ṣoṣo.