Ẹni Tí Jẹjẹrẹ Ń Ṣe, Ẹ Bojú Wo Ọkàn Rẹ̀ Pẹ̀lú

Ní Ekinrin-Adde, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Kabba àti ní gbogbo ilẹ̀ Okun, ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń dárúkọ àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Wọn a ní àìsàn àgbà ni. Bí ọkàn ẹnìkan bá sì dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, wọn a ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n ti pín àwọn àìsàn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn rí. Ìpín náà kò tọ̀nà, ẹ̀mí ènìyàn ni ó sì ń bá a lọ.

Bí dókítà bá sọ fún ìyá kan pé jẹjẹrẹ ni kókó tí ó wà ní ọmú rẹ̀, ojú kì í ti àwọn ará ilé láti wá owó. Àwọn ọmọ a dáwó jọ, ẹgbẹ́ a dá sí i, àwọn tí ó wà ní Èkó àti Àbújá a fi tiwọn ránṣẹ́, wọn a sì gbé ìyá lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wí níbẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀, ẹnìkan nínú ẹbí a fa ojú ro: “Ọmú ni ó ń dùn ún, kí ni ti ọkàn níbẹ̀?” Ẹni tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó, ó sì ń rò pé wọ́n fẹ́ ná an dànù ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ní ìdáhùn.

Oògùn pupa kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ doxorubicin, tí wọ́n ń fà sí iṣan aláìsàn. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fi í bá jẹjẹrẹ ọmú àti àwọn irú mìíràn jà, ó sì ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ là. Oògùn yìí kan náà lè pa iṣan ọkàn lára. Bí àpapọ̀ èyí tí aláìsàn ti gbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ewu náà ń pọ̀ sí i, nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń ka iye tí ènìyàn ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí ó kọjá ààlà. Ìpalára náà lè farahàn láàárín ọdún kan. Ó sì lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti dúpẹ́ pé ìyá ti gbádùn. Oògùn mìíràn, trastuzumab, náà lè sọ ọkàn di aláìlágbára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn sábà máa ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá dá a dúró. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ ọmú òsì kò jìnnà sí ọkàn rárá, ó sì lè mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ fún ní ọdún tí ń bọ̀. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù gbé ìlànà odindi kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀ràn náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn dókítà ní Abẹ́òkúta ka àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó wà nídìí àìsàn ẹni tí ó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin. Ẹ wá ro ti ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru láti ọdún mẹ́wàá, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n rí. Ọkàn tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò da oògùn pupa náà lé lórí.

Ohun ìyanu kan ni pé jẹjẹrẹ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ilé kan náà ni àwọn àrùn méjèèjì ti ń gba oúnjẹ. Ní 1951, Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lé ní 34,000, láti mọ bí sìgá ti ń ṣe wọ́n. Wọ́n bá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀, wọ́n sì bá àrùn ọkàn pẹ̀lú. Àbọ̀ tí ó jáde ní 2004 fi hàn pé nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni sìgá ń gé kúrò nínú ẹ̀mí ẹni tí kò jáwọ́, àti pé ẹni tí ó bá jáwọ́ ní ẹni àádọ́ta ọdún ṣì lè gba nǹkan bí mẹ́fà padà nínú rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 2015 ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Ẹ lọ sí gáréèjì kí ẹ lọ wo bí wọ́n ti ń pa á mọ́! Ọtí náà ń ru ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí ó bá ń pè é ní oògùn ara ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sá fún oògùn jẹjẹrẹ o. Jẹjẹrẹ tí a kò tọ́jú yóò pa ènìyàn kí ọkàn tó dá sí i. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹbí ka owó àyẹ̀wò ọkàn mọ́ owó ìtọ́jú láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń dáwó, kí wọ́n sì sọ fún dókítà gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àgbo tí aláìsàn ń lò. Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí, bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tàbí tí mímí ń ṣòro nígbà tí aláìsàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n má ṣe ní àárẹ̀ lásán ni. Kí wọ́n gbé e padà lọ. Ẹni tí ó ń lo oògùn ọkàn kò sì gbọdọ̀ dá oògùn dúró nítorí ààwẹ̀ láìkọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́n ju ohun tí ìjọ kan lè rà lọ. Bí nọ́ọ̀sì kan bá gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí àwọn ìyá àti bàbá ń na ọwọ́ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ti mọ àwọn tí ọkàn wọn ń ṣiṣẹ́ jù kí àìsàn mìíràn tó dé bá wọn.