Lójijì Kọ́

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọmọdé mọ ìtumọ̀ rẹ̀, n kò ní í dúró tú u. Ọ̀rọ̀ "lójijì" ló ń bí mi nínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní kúárì kan lápá Abẹ́òkúta, típà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wà ru òkúta, ó ń gòkè bọ̀ látinú kòtò nírọ̀lẹ́. Iná iwájú kú, fèrè kò dún mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ níwájú. Ọpẹ́lọpẹ́ òkìtì òkúta tó wa ọkọ̀ lù. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo wọn ní: "Bọ̀dá, ó kàn kú lójijì ni."

Lójijì kẹ̀? Réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe tanná sí i, mo sì fojú ara mi rí i. Wáyà tó gba ẹ̀yìn ibi ìjókòó dírẹ́bà kọjá ti já nínú ìdè rẹ̀, ó ń ha ara mọ́ etí ṣáásí títí rọ́bà fi jẹ tán, tí kọ́pà yọ síta. Bátìrì méjì ni, ìkọ̀ọ̀kan fóòtì 12, tí wọ́n so pọ̀ di 24. Orí wọn ti hu lẹ́búlẹ́bú funfun. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ń mì lọ́wọ́ mi bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Èyí tó burú jù ni pé wáyà lásán ni wọ́n lọ́ sí ojú fíúsì. Fíúsì ni í jó kí ọkọ̀ má baà jó! Èwo nínú gbogbo èyí ló ṣẹlẹ̀ lóòjọ́?

Wọ́n ní eruku kúárì ni. Eruku kọ́ ló yọ fíúsì.

Mo kọjú ìbínú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: ṣé kò rí àmì ni? Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni iná fi ń ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ ń lọ́ra láti jí láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó parí tìrípù náà ná.

Ẹnu mi wọhò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àṣé arọ ti gbọ́, ó ti kígbe pàápàá. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ni kò dìde.

Réwáyà fọ orí bátìrì, ó de ẹ́ẹ̀tì le, ó pààrọ̀ wáyà, ó fi rọ́bà wé e níbi tó ti ń kan irin, ó sì fi ojúlówó fíúsì sí i. Kò gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Wákàtí mẹ́ta tí ọ̀gá kò rí fún ọ̀sẹ̀ méjì!

Wọ́n ti ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ jókòó sílé láìgbowó. Ìwé tó kọ ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá.