Ẹ Pe Àwọn Ọdẹ
Ní ọgbà ẹranko Pendjari, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, tí African Parks ń bójú tó láti 2017, wọ́n máa ń so ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́ igi. Bí kìnnìún tàbí ẹfọ̀n bá kọjá, kódà lóru, ẹ̀rọ náà yóò yà á fúnra rẹ̀. Àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí pé ẹran ṣì kù nínú igbó. A fẹ́ irú ẹ̀rí yẹn fún igbó ìjọba Dogo, ní Kétu níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ọ̀nà tí ẹtu ń gbà lọ sí odò. Àwọn àgbà ọdẹ Odomèta mọ̀ ọ́n. Kí àwọn aláṣẹ igbó pè wọ́n kí wọ́n tó so ẹ̀rọ kankan, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ fún wọn, bí wọn yóò ti san án fún ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá láti Kútọnu.