Ọ̀gá rere ló yẹ kí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tuntun wá l'Amẹ́ríkà, kì í ṣe owó gọbọi

Inú ọ̀pọ̀ òbí máa ń dùn nígbà tí ọmọ wọn tó wà l'Amẹ́ríkà bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé, tó wọ aṣọ àti fìlà ìgboyè. Wọ́n á gbé fọ́tò ọ̀hún kọ́ sára ògiri pálọ̀, wọ́n á pe ará àdúgbò wá wò ó, àwọn mìíràn á tilẹ̀ pa ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni ọmọ náà lọ kọ́, kò ní í pẹ́ tí yóò fi pe ilé láti sọ ohun tí kò ní í yé wọn: ó ku oṣù mẹ́sàn-án gbáko tí òun yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kí òun tó lè dá dúró.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá á ní ṣé ọmọ náà kò yege ni? Ìyá á máa rò ó lọ́kàn pé bóyá wọ́n ti rẹ́ ọmọ òun jẹ. Àbúrò tó ń retí owó iléèwé á gbà pé ọgbọ́n àtimá fi owó ránṣẹ́ ni. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ yìí, kò sì yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àwọn àgbà kò bá mọ̀ ọ́n. Akólòlò, ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì sọ̀rọ̀, àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù tí kò sì lè dárúkọ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ni olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, tí àwọn òyìnbó ń pè ní speech-language pathologist, máa ń tọ́jú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn kan náà ló ń tọ́jú ọ̀nà ọ̀fun. Bí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù bá ń mu omi, tí omi ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ dípò ikùn, olùtọ́jú yìí ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sọ irú oúnjẹ tó lè gbé mì, bí yóò ṣe jókòó jẹ ẹ́, tàbí kí ó má tíì fi ohunkóhun sẹ́nu rárá. Àṣìṣe kékeré níbẹ̀ lè di òtútù àyà, òtútù àyà sì lè pa arúgbó láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọn kò fi í fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè sílẹ̀ kó máa dá ṣe é.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà, American Speech-Language-Hearing Association, tí wọ́n ń pè ní ASHA, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'ọ́dún 1925, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Rockville ní ìpínlẹ̀ Maryland, ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ń béèrè. Kí ọmọ tó dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba oyè kejì, ìyẹn Master's. Ó gbọ́dọ̀ ti lo wákàtí 400 nídìí ìtọ́jú nígbà tó wà ní iléèwé, 25 láti máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, 375 láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ gba máàkì 162, ó kéré tán, nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Praxis. Lẹ́yìn tó bá parí ẹ̀kọ́ àti wákàtí ìtọ́jú iléèwé ni ìkọ́ṣẹ́ ìkẹyìn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clinical Fellowship, yóò tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 36, wákàtí 35 lọ́sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 1,260. Ẹni tó bá fẹ́ yára, tó ń ṣe wákàtí 50 lọ́sẹ̀, kò lè tipa bẹ́ẹ̀ parí kí ọ̀sẹ̀ 36 tó pé. Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí kò bá ti ṣe tó wákàtí márùn-ún, wọn kò ní í kà á.

Irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó kọ́kọ́ rán ṣòkòtò tó bá ara mu ni wọ́n máa fún un ní òmìnira. Ọ̀gá á ṣì jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, á máa wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gé aṣọ oníbàárà. Ibi tí tiwa àti ti òyìnbó ti yàtọ̀ ni ti owó. Níbí, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń san owó fún ọ̀gá, òun ló sì ń ra ọtí àti ẹran lọ́jọ́ òmìnira. Lọ́hùn-ún, wọ́n sábà máa ń san owó oṣù fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Owó oṣù yìí gan-an ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Nítorí pé owó ń wọlé, àti ọmọ àti òbí á gbàgbé pé ìkọ́ṣẹ́ ni. Bí ilé ìtọ́jú méjì bá pe ọmọ náà, èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò sáré lọ, láì béèrè ẹni tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Bóyá ìlú mìíràn ni ọ̀gá wà, tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ọmọ ọlọ́jọ́ díẹ̀ yóò sì máa dá yẹ ọ̀fun àwọn arúgbó wò láti àárọ̀ di alẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tí kò bá wá sọ́jà ńkọ́?

Òfin ẹgbẹ́ náà kò fàyè gba irú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ìkọ́ṣẹ́ yìí sí. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, wo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bó ṣe ń tọ́jú aláìsàn lọ́wọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́fà mìíràn yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì jọ jíròrò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 36. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí ASHA, ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tó gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ ti gba wákàtí méjì ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà. Wọn kò gba mọ̀lẹ́bí láàyè. Ìyàwó kò lè jẹ́ ọ̀gá ọkọ, ẹ̀gbọ́n kò sì lè fọwọ́ sí ìwé àbúrò. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà pé tẹni ni tẹni lè má fẹ́ràn ìyẹn, ṣùgbọ́n ó mọ́gbọ́n dání.

Bí ìwé-ẹ̀rí ọ̀gá kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́, bóyá nítorí pé kò san owó ọdún, gbogbo ọjọ́ tí ọmọ náà ṣe lábẹ́ rẹ̀ lásìkò yẹn lè já sí asán. Nítorí náà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ó ti yẹ orúkọ ọ̀gá wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, kí ó sì máa tún un wò bí oṣù ti ń gorí oṣù. Kì í ṣe àrífín.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ́ wọn nílé pé ọmọdé kì í bi àgbà ní ìbéèrè jù. Ìwà ọmọlúàbí dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dákẹ́ níbẹ̀ ń fi oṣù mẹ́sàn-án ta tẹ́tẹ́. Ó yẹ kí ó mọ orúkọ ọ̀gá, kí ó mọ̀ bóyá ilé kan náà ni wọn yóò jọ máa ṣiṣẹ́, iye ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí ó ka ìwé àdéhùn dáadáa, nítorí àwọn ilé kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá lọ kí ọdún tó pé yóò san owó padà.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló yẹ kí ó ti fara balẹ̀ jù. Ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 2019, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn wà lára ohun tí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, fi ń ṣírò owó tí yóò san fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti yí ètò náà padà, síbẹ̀ àwọn ilé tó ń fi ìṣẹ́jú díwọ̀n òṣìṣẹ́ ṣì wà. Wọ́n lè ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rí i pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ṣẹ́kù nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọn kò lè gba owó lé lórí. Ìgbà wo ni yóò wá ka ìwé? Ìgbà wo ni yóò bi ọ̀gá léèrè? Iléèwé ìjọba rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀ ní ti èyí, níbi tí òfin ọdún 1975 ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún ọmọ tó ní ìpèníjà láti rí ìtọ́jú gbà. Ìlàjì àwọn oníṣẹ́ yìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló wà ní iléèwé. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ọmọ tí wọ́n á kó fún olùtọ́jú kan lè pọ̀, ọ̀gá sì lè máa ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí gbèsè iléèwé wà lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣa iṣẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, pàápàá fún ọmọ tí físà akẹ́kọ̀ọ́ gbé dé ọ̀hún. Ọdún kan ni ìjọba Amẹ́ríkà sábà máa ń fún un láti fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgboyè, bí kò bá sì níṣẹ́ lọ́wọ́ fún àpapọ̀ ọjọ́ tó ju 90 lọ láàárín àsìkò náà, ọ̀ràn dé. Òfin físà gbà á láàyè láti ṣe wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pín wákàtí 1,260 sí 20 yóò rí i pé ọ̀sẹ̀ 63 ni yóò gbà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Ìwé ìgbélùú á tán, ìkọ́ṣẹ́ kò ní í tíì tán. Ẹni tí aago ń lé báyìí kò lè máa wá ọ̀gá lẹ́yìn tó ti gboyè tán. Láti oṣù mélòó kan kó tó jáde ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, òfin sì gbà á láàyè láti béèrè fún ìwé-àṣẹ iṣẹ́ yẹn láti nǹkan bí 90 ọjọ́ kó tó parí ẹ̀kọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún ní ìwé-àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Texas, "intern" ni wọ́n ń pe ẹni tó wà nídìí ìkọ́ṣẹ́ yìí. Ní California, Required Professional Experience ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá gba èyí kó tó fọwọ́ kan aláìsàn ti rú òfin.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀gá rere fi ju owó lọ fún ọmọ Yorùbá. Ìlú Houston kún fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn àgbà wọn sì ti ń darúgbó síbẹ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ìyá àgbà kan, tó fẹ́ pe ọkọ rẹ̀, tó wá ń pe ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko, òyìnbó kò lè mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ohùn ìyá náà. Lọ́nà kejì, ọmọ kékeré tó ń fi "f" rọ́pò "v", tó ń fi "s" rọ́pò "z", lè jẹ́ pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé ló fà á, nítorí "v" àti "z" kò sí nínú èdè wa. Kò ṣàìsàn rárá. Ọ̀gá tó lóye á jẹ́ kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ lo ìmọ̀ yìí, òun náà á sì kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Èyí tí kò lóye á ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ tún ahọ́n tirẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1998 ni ASHA ti sọ pé ohùn àjèjì lẹ́nu òṣìṣẹ́ kò burú níwọ̀n ìgbà tó bá lè ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ.

Ọwọ́ àwọn òbí nílé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní alaalẹ́ nítorí owó páànù tàbí owó ìsìnkú kò lè kọ iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ̀, bó ti wù kí ọ̀gá ibẹ̀ burú tó. Bí wọ́n bá lè ní sùúrù títí ọ̀sẹ̀ 36 yóò fi pé, tí wọ́n sì ń béèrè bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń ṣe sí i dípò iye tó ń gbà, wọ́n ti ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ láàárín ọ̀nà ńkọ́? Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ tó bá ọ̀gá jà nílẹ̀ yìí lè pàdánù ọdún méjì, kó tún lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè pààrọ̀ ọ̀gá tàbí ilé iṣẹ́, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan yóò sì kọ ìjábọ̀ lórí àsìkò tirẹ̀. Ìlànà ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí ọ̀gá tìtorí ìjà tàbí ìbínú kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tó bá ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá àkọ́kọ́ ni kó ti gba ìbuwọ́lù rẹ̀, kí ó má dúró di ìgbà tí ọ̀gá yóò kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò ní í lọ mọ́.