Ọwọ́ Ọ̀gá Ni Kí Á Máa Wò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà,

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kò sí aṣáájú òṣìṣẹ́ tí ó gbé ọgbọ́n ìjà ẹ̀tọ́ wá láti inú ìyá rẹ̀. Lára ẹni tí ó ṣíwájú ni olúkúlùkù ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ni à ń kọ́ lára ẹni tí ìwà rẹ̀ wù wá?

Nígbà tí èmi tí mò ń kọ ìwé yìí jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka, mo fẹ́ràn alága wa púpọ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, gbogbo ilé a pa lọ́lọ́. Mo kọ́ ohùn rẹ̀, mo kọ́ bí ó ti í na ìka sókè. Ní ọjọ́ kan, àìsàn dá a dúró sílé, èmi ni mo sì bọ́ síwájú àwọn agbanisíṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀ bí ààrá. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Abala wo nínú àdéhùn wa ni ẹ dúró lé?” Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ọwọ́ òfo ni a bá jáde.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ alága, ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Owó oṣù ìpele kọ̀ọ̀kan, iye tí à ń ra oúnjẹ lọ́jà, abala àdéhùn, gbogbo rẹ̀ ni ó ti kọ sílẹ̀. Ọdún 3 ni mo fi wo ẹnu rẹ̀, n kò wo ọwọ́ rẹ̀ rí. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì gbọ́n jù mí lọ: kì í ṣe aṣọ ọ̀gá ni ó ń wò, bí ọ̀gá ti í fetí sí ẹ́ńjìnì kí ó tó mú sípánà ni ó ń ṣọ́.

Ẹ rántí Michael Imoudu, aṣáájú òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní 1943, ìjọba amúnisìn lé e kúrò ní Èkó lọ sí ìgbèkùn. 1945 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè fún àfikún owó nítorí ọ̀wọ́n-gógó ọjà kò bá a lọ sí ìgbèkùn. Àwọn mìíràn ń bá iṣẹ́ náà lọ, títí ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò fi bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1945, tí ó sì gbà ju oṣù kan lọ. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, a lè ti ẹni náà mọ́lé. Èyí tí ó ti tàn kálẹ̀ kò ṣe é dè.

Lọ́dọọdún ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ń fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá kó ìmọ̀ wọn lọ sílé, ta ni yóò kojú agbẹjọ́rò agbanisíṣẹ́ lórí tábìlì ìdúnàádúrà? Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yan iṣẹ́ kan lára ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún: kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ṣíṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́, tàbí títẹ́tí sí ẹ̀dùn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ béèrè, ẹ jókòó tì í, ẹ sì ṣe é lójú rẹ̀ kí ó lè tọ́ yín sọ́nà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣí ìwé abẹ́ ìrọ̀rí yín fún wọn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àgbà lè sọ ibi tí àkísà náà ti fàya fún un.

Kí ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ máa gbilẹ̀.