Àtùpà Ẹ̀yìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ojú Kékeré Tí Ń Mu Iná Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ohun kékeré kan: ojú LCD tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ, irú èyí tí a máa ń dè mọ́ ara kọ̀ǹpútà kí ó lè máa sọ aago, bí ẹ̀rọ ṣe gbóná sí, àti iye bátìrì tí ó kù. Mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń lò ó ni kò mọ ohun tí ń jẹ iná nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí ó fà á ni pé a kò tíì sọ nǹkan náà ní orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wí. Ojú LCD kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Èròjà kan ni ó wà nínú rẹ̀ tí ó ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ohun líle. Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó ṣàkíyèsí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1888. Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà fi ojú ẹ̀rọ tí a fi í ṣe han àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ tí èròjà yìí ń ṣe kò ju ti aṣọ ojú fèrèsé lọ: bí iná mànàmáná bá kàn án, yóò dí ọ̀nà mọ́ ìmọ́lẹ̀ tàbí kí ó ṣí i sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn ni ó ti ń wá, láti ara àwọn gílóòbù LED kéékèèké tí a tò sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe ìyẹn ní “ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà”. N kò fara mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ ni ti oòrùn àti ti òṣùpá. Kò sí ẹni tí ń ra epo sí i. Àtùpà ni kí a pè é, àtùpà ẹ̀yìn. Àtùpà ní olówó tí ń ra epo sí i, ó sì ní òwú tí ń jó. A ń tàn án, a ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a sì ń pa á. Mélòó nínú wa ni ìyá rẹ̀ kò tíì sọ fún rí, nígbà tí ilé bá fẹ́ sùn, pé, “Lọ rẹ iná àtùpà yẹn sílẹ̀”? Gbogbo ọgbọ́n tí a nílò láti fi tọ́jú ojú LCD ti wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.

Ẹni tí ó bá pè é ní ìmọ́lẹ̀ yóò rò pé bí àwòrán bá ti dúdú, iná ti dínkù nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ lórí LCD kékeré. Dúdú tí ẹ rí yẹn, aṣọ fèrèsé ni a fà bo ojú. Àtùpà ṣì ń jó lẹ́yìn aṣọ. Lórí OLED, níbi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, dúdú a máa dín iná kù ní tòótọ́, nítorí pé OLED kò ní àtùpà ẹ̀yìn rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi òfin ilé kan ṣèdájọ́ nínú ilé kejì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Irú ojú kékeré tí ó wọ́pọ̀ gidigidi ni èyí tí ó ní ìlà 2, tí ìlà kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà 16, tí ó sì ń tẹ̀lé ìlànà HD44780 ti ilé-iṣẹ́ Hitachi. Kíkọ lẹ́tà sójú rẹ̀ kì í sábà gbà ju milliampere mélòó kan lọ. Àtùpà ẹ̀yìn ńkọ́? Ó lè gba 20, ó sì lè gba 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá ti ṣe é sí. Bí ó bá gba 100 lórí 5 volt, ìdajì wọ́ọ̀tì nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi Zero, tí ó jáde ní ọdún 2015, kò gbà ju nǹkan bíi 100 milliampere náà lọ nígbà tí kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Àtùpà ń jẹun tó ẹni tí ó tàn án. Bí a bá so àwọn méjèèjì mọ́ power bank tí agbára inú rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì-wákàtí 37, wákàtí 37 ni yóò gbé wọn lórí ìwé. Bí a bá pa àtùpà, ó di wákàtí 74.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé kí ni ìdajì wọ́ọ̀tì jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì àti fáànù. Òótọ́ ni, fún ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tí ó jẹ́ pé bátìrì tí oòrùn kún lọ́sàn-án ni yóò fi sun òru mọ́jú, mọ̀ pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tí ń tan jẹnẹrétọ̀ láìro iye tí yóò ná an. Kí ni a wá fẹ́ fi àtùpà tí ẹnikẹ́ni kò wò ṣe láàárín òru? Àní bí a bá pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ̀rọ tí ń pín iná nínú rẹ̀ a máa fi 5 volt sílẹ̀ kí ó lè tètè jí, ojúhò USB lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa rí nínú rẹ̀ mu. Bàbá ti sùn, àtùpà kò sùn.

Kí ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹ bá fẹ́ ra ojú kékeré, ẹ yan èyí tí lẹ́tà rẹ̀ dúdú lórí ilẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀, tí ó lè lo ìmọ́lẹ̀ ìta. Lọ́sàn-án gangan, ẹ lè kà á láìtan àtùpà. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ funfun lórí ilẹ̀ búlúù rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àtùpà bá ti kú, ó di afọ́jú.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ rántí pé ọ̀nà iná àtùpà yàtọ̀ sí ti lẹ́tà. Nínú ẹsẹ̀ 16 tí irú ojú bẹ́ẹ̀ ní, ẹsẹ̀ 15 àti 16 ni ó sábà máa ń jẹ́ ti àtùpà. A lè gé iná wọn kí lẹ́tà má sì parẹ́. Transistor ni kí ó dúró láàárín wọn àti kọ̀ǹpútà, nítorí pé ẹsẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kékeré fi ń pàṣẹ kò lágbára láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pa á. Ẹ̀rọ kò ní òwú tí yóò fà wálẹ̀; ńṣe ni ó ń pa àtùpà tí ó sì ń tàn án ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ojú wa kò fi lè rí i. Bí ó bá ń jó fún ìdajì àkókò, nǹkan bí ìdajì iná ni yóò jẹ. Lórí tèmi, bí n kò bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, yóò rẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, yóò kú.

N kò sọ pé kí a pa á títí láé o. Ojú tí kì í là, kí ni ìwúlò rẹ̀? Bí bátìrì bá fẹ́ tán, tàbí tí ẹ̀rọ gbóná kọjá ààlà, ó yẹ kí àtùpà tàn lọ́gán, kí ó tilẹ̀ máa ṣẹ́jú sí wa. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìṣọ́ra àti ahun nìyẹn. Ahun a máa jókòó sínú òkùnkùn kí epo má baà tán. Ẹni tí ó gbọ́n a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a sì fi ìṣáná sí ìtòsí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe jẹ́ kí títàn láìkú jẹ́ ipò tí ẹni tó ra ẹ̀rọ yóò bá a. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sí Yorùbá, ẹ máa wá orúkọ tí ó ti ní iṣẹ́ àti ìnáwó nínú, tí ọmọdé yóò gbọ́ tí yóò mọ ohun tí ó kàn láti ṣe. Bí a bá sọ fún ọmọ pé kí ó dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù, yóò bèèrè ìdí. Bí a bá ní kí ó rẹ àtùpà ẹ̀yìn sílẹ̀, ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ni ó ra epo.

Ire o.